Jíà Tí A Fi Sínú Pijó Adégòkè

Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú: ìkà ni Adégòkè. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Gangare ní Jos, tó wá ní òun kò rí ìkà níbẹ̀, bóyá ojú ló ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ ló gbé e wá sí Jos láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò fẹ́ ta aṣọ bíi bàbá rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ kùsà kan, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ inú mọ́tò tó o láti Bùkúrù títí dé Katako. Ìyẹn náà, mi ò ní purọ́ sí i.

Ọdún mẹ́rin ni èmi Olúkọ́lá lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Sípánà ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó fi í dá ìka mi kan lọ́jọ́ tí mo di bóòtù kan lódì, ó sì lé mi lọ lọ́sẹ̀ kejì láìfún mi ní fíríidọ́ọ̀mù. Mo bá lọ ń ta páàtì mọ́tò ní òdìkejì títì, níbi tí mo ti lè máa wò ó lójoojúmọ́. Ọláwándé tá a jọ wọlé fara dà á. Ọdún márùn-ún ni wọ́n bá bàbá rẹ̀ sọ, Adégòkè fi méjì kún un, ó ní ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, tí kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá kan láìfi Hausa bọ̀ ọ́ láàárín, kò tíì gbọ́n tó ẹni tí wọ́n ń tú sílẹ̀.

Ohun tó ń pa Adégòkè lẹ́rìn-ín jù ni mọ́tò ọtomátíìkì. Mọ́tò arọ ló ń pè é. Ó ní awakọ̀ gidi, ọwọ́ rẹ̀ ló ń yí jíà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Ó sọ ọ́ lójú ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré, tó gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá fún àtúnṣe. Ọkùnrin náà wọ mọ́tò rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́dún 1981, jáàkì yẹ̀ lábẹ́ lọ́rì kan, lọ́rì náà sì jókòó lé orúnkún òsì Adégòkè. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò lágbára mọ́. Ó lè fi ọ̀pá rìn, kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń wakọ̀ láti ọmọ ogún ọdún wá di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti ilé rẹ̀ ní Dogon Dutse.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wa mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Ó ní Pijó 504 funfun kan, ó sì ti tú tọ́bò lára mọ́tò òyìnbó kan tó dojú dé lọ́nà Bùkúrù. Ẹ̀rọ kékeré ni tọ́bò, òun ló ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Jos wà lórí òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, gbogbo mọ́tò ló ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó bá ní tọ́bò á máa gun òkè bí ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́dún 1984 ló ránṣẹ́ sí Ọláwándé pé kó wá bá òun to Pijó náà. Ọláwándé ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ jíà tó o ní Gangare. Èmi ló pè láti máa bá a wá páàtì. Ó gbé tọ́bò náà sí i, ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ó wá ku jíà. Méjì ló wà nílẹ̀: jíà ọlọ́wọ́ kan, àti ọtomátíìkì kan tí wọ́n tú lára Pijó tó ní jàǹbá. Agbára tọ́bò sì rèé, ó ń mú kí kúlọ́ọ̀ṣì lásán máa yọ̀. Bó bá jẹ́ jíà ọlọ́wọ́ la máa lò, àfi ká wá kúlọ́ọ̀ṣì tí sípíríìngì rẹ̀ le, irú èyí tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé á làágùn kó tó tẹ̀ ẹ́.

A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó lé ọ̀rọ̀ jíà yìí ní ṣọ́ọ̀bù Ọláwándé, a sọ̀rọ̀ epo, a sọ̀rọ̀ ooru, a sọ̀rọ̀ òkè tó wà lójú ọ̀nà, ẹnì kankan kò dárúkọ ẹsẹ̀. Adégòkè fúnra rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀. Ó ń retí kí a sọ pé mọ́tò ló ń fẹ́ ọtomátíìkì, kì í ṣe òun.

Lọ́jọ́ kan ó ní, “Mo gbọ́ pé ọtomátíìkì làwọn òyìnbó ń fi sí tọ́bò báyìí. Wọ́n ní èèyàn kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, agbára rẹ̀ kì í já láàárín.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọláwándé mọ̀ pé òótọ́ ni.

“Haba, Baba,” ó wí. “Ẹ̀yin kọ́. Kí làwọn ará ilé fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé mọ́tò arọ ni. Wallahi, mi ò lè fi irú ẹ̀ sí mọ́tò ọ̀gá mi.”

Adégòkè yíjú sí mi. Gbólóhùn kan péré ló ń retí lẹ́nu mi, pé ọtomátíìkì ló bá tọ́bò mu, mi ò sì ní dárúkọ ẹsẹ̀ kankan tí màá fi sọ ọ́. Mo ní òótọ́ ni Ọláwándé sọ, pé kúlọ́ọ̀ṣì tó le wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mi orí, ó ní ó dáa. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀, Christianah, wá bá mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, kò jókòó.

“Olúkọ́lá, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Ọláwándé. Èyí tó ń yí ara rẹ̀ yẹn ni bàbá ń fẹ́. Kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ ni. Tí ẹ bá kàn fi sí i, á bínú díẹ̀, á gbà.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, Màámi.”

Kò tíì dé ìkóríta tí mo fi gbé kúlọ́ọ̀ṣì náà léjìká lọ bá Ọláwándé. Mo sọ gbogbo ohun tí màmá wí fún un, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. “Ọdún méjì tó fi kún tèmi ńkọ́?” ló wí, ó sì gbé jíà ọlọ́wọ́ wọ abẹ́ mọ́tò.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ní kí Adégòkè wá gbà á. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun. Ó jókòó, ó fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì náà dùn létí, ojú rẹ̀ sì là, mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dé ìdajì, ó sáré gbọ́wọ́ sórí jíà, jíà ké. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, mọ́tò fò, ó kọlu dúrọ́ọ̀mù epo, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀, ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n ní bí mọ́tò tuntun ti máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n ní jíà náà kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀. Omi dà lójú Adégòkè. Ó wo àwa méjèèjì.

“Ẹ mọ̀,” ó wí. “Ẹ mọ̀ pé mi ò lè tẹ̀ ẹ́.”

Ọláwándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú epo dúdú tó dà sílẹ̀. “Baba,” ó wí, “ẹ ò sọ fún wa.”

Adégòkè kò wọ mọ́tò náà mọ́. Nínú oṣù kìíní ni Ọláníran tó ń ta pákó ní Katako rà á. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ pé ṣáṣá, ó kàn ní kúlọ́ọ̀ṣì náà ń rẹ òun ni, kí Ọláwándé bá òun yí i sí ọtomátíìkì. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ọláwándé fi ṣe é.

A jọ gbé e jáde lọ dán an wò, a sì gba Dogon Dutse kọjá. Adégòkè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ọláwándé fun fèrè láti kí i, Adégòkè náà na ọwọ́ sókè. Nígbà tá a wá ń gun òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, mo bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó dẹ etí, ó ń retí ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì máa ti já kí jíà tó yí. Kò já. Ó rọra gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Ọláwándé bi mí bóyá ó gbọ́, mo ní ó ṣeé ṣe kó má gbọ́. A ṣẹ́rí mọ́tò padà, a tún gba iwájú ilé náà lẹ́ẹ̀kejì, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.