Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Jẹ́ Kí N Lè Kúnlẹ̀

Ìró tí orúnkún mi ọ̀tún máa ń dún nígbà yẹn kò yàtọ̀ sí ìró ẹ̀pà tí wọ́n ń pa. Bí mo bá dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ, á dún. Bí mo bá jókòó, á tún dún. Oníbàárà kan tiẹ̀ na ọwọ́ sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun nínú ohun tí mò ń pa jẹ. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó lọ tán, mo di ẹsẹ̀ náà mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ aláìgbọràn.

Aránṣọ ni mí ní Òrè, ojú sì ń kán mi nígbà náà. Sùtánà àwọn onílé àdúrà ni mo ń rán jù, Òdìgbó sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ń gbé. Kí n má bàa máa fi ọ̀kadà lọ, kí n máa fi ọ̀kadà bọ̀, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan létí títì márosẹ̀. Ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wù mí débi pé n kò béèrè ohunkóhun. Ìgbà tí mo gbé e délé ni mo tó mọ̀ pé kò ní fíríwíìlì. Ìyẹn ni pé bí táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí, pẹ́dà náà gbọ́dọ̀ máa yí. Kò sí pé ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ sinmi níbi ìdàgẹ̀rẹ̀. Kò sì ní búréèkì. Bí o bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi ti pẹ́dà padà sẹ́yìn, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ oko olóko.

Èyí tó wá burú jù ni irin eléyín rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ a máa ní méjì, ọ̀kan níwájú lẹ́bàá pẹ́dà, ọ̀kan lẹ́yìn lára táyà, ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Ti iwájú kẹ̀kẹ́ mi tóbi bí àwo ìjẹun, ti ẹ̀yìn kò sì ju ìdérí ìgò oyin lọ. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ní irú rẹ̀ ni àwọn alágbára ń gùn. "Sístà," ó ní, "bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti dé Òdìgbó." Ó gbàgbé láti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà yóò gba gbogbo okun tí mo fi ọmú ìyá mi kó jọ. Èmi náà ò kúkú gbọ́n. Mo fẹ́ràn bí àwọn ọlọ́kadà ṣe máa ń hó yè bí mo bá ń kọjá. Bí mo bá dé òkè tó wà lójú ọ̀nà, mo máa ń dìde dúró lórí pẹ́dà, màá fi orúnkún bá òkè náà jà. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́. Mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ àwàdà lásán bí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ ṣègbéyàwó. Àgbẹ̀ kòkó kan ní Ajue ni àfẹ́sọ́nà mi. Ìyá rẹ̀, opó kan tó ń gbé ní Òdìgbó, ló kù kó gbà kí àwọn ẹbí tó wá tọrọ mi. Nílẹ̀ wa, obìnrin tó fẹ́ wọlé ọkọ tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, kí ló tún kù? Mo dé iwájú màmá yìí pẹ̀lú sùtánà tuntun tí mo rán fún wọn lápá, mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Mo bá la ẹsẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di itan mú, mo ti ìdí sẹ́yìn, mo dúró lágbedeméjì bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àga tutù. Màmá wò mí tòkè-tilẹ̀, wọ́n gba sùtánà, wọ́n wọlé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kí wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fún ọmọ wọn pé àwọn kò fẹ́ aránṣọ náà níyàwó. Wọn ò sọ ìdí. Ó dùn mí wọra, nítorí àfẹ́sọ́nà mi kì í ṣe ẹni tó lè tẹ ìyá rẹ̀ lójú mọ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí màmá kò bá yí ọkàn padà, ó ti parí nìyẹn.

Mo mú ẹjọ́ náà lọ sí ilé àdúrà màmá. Àgbà kan níbẹ̀ gbọ́ pé n kì í kúnlẹ̀, ó ní ẹ̀mí ìgbéraga ló wà lẹ́sẹ̀ mi, kí n máa ka sáàmù lé e lórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ní ó dára. Ó ní lórí ìkúnlẹ̀ ni. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run mọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, n kò lè dìde. Àwọn kan fẹ́ fà mí sókè, àgbà náà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ná, pé ẹ̀mí náà ló ń jà.

Lẹ́yìn èyí, àfẹ́sọ́nà mi gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Ajue, kí a lè jókòó sọ bí a ó ṣe túká ní ìrọ̀rùn. A ń gun òkè kan lọ lójú ọ̀nà oko nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀kadà yí ohùn padà.

"Kí lo ṣe sí i?" ni mo bi í.

"Mo já jíà wálẹ̀ ni. Ta ló ń fi jíà mẹ́rin gun òkè? Ṣé mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì ni?"

"Èmi ni mo ń fi í gùn ún," ni mo dáhùn.

Ó dá ọ̀kadà dúró lábẹ́ igi kòkó. Mo ṣàlàyé irin eléyín méjèèjì fún un, mo fi ewé ńlá àti ewé kékeré júwe wọn nílẹ̀. Ó wo ewé, ó wo orúnkún mi. "Ẹ́ńjìnnì tìrẹ lo ń pa," ó ní. A jókòó síbẹ̀, à ń pààrọ̀ ewé síwá-sẹ́yìn, a sì gbàgbé pátápátá pé ìpínyà la wá ṣe.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kò fẹ́ gbọ́. Ó ní bí òun bá fi irin ńlá sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ náà á di ti arúgbó. Mo ní kó fi í bẹ́ẹ̀. Ó bínú, ó fi èyí tó tóbi jù lọ sẹ́yìn, ó tún fi kékeré síwájú. Àṣejù rèé. Òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ń yí wìrìwìrì bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá, èmi fúnra mi kò sì kúrò lójú kan. Ìyá arúgbó kan tó ń tòko bọ̀ fẹsẹ̀ rìn kọjá lára mi, ó ní mo kú iṣẹ́. Níbi ìdàgẹ̀rẹ̀, pẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo padà lọ, a wá èyí tó wà láàárín. Mo lè gbéra láì dìde lórí ìjókòó. Mo lè fi jẹ́jẹ́ gun òkè yẹn kí n sì máa kọrin. Ẹsẹ̀ mi kò sì fò mọ́ níbi ìdàgẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbé ìjókòó sókè díẹ̀, kó sì fi búréèkì ọwọ́ sí i, kí orúnkún yé ṣe iṣẹ́ búréèkì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló ṣe é.

Nígbà tí orúnkún rọlẹ̀ tán, mo lọ sí Òdìgbó láì mú aṣọ kankan dání. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú màmá, mo kí wọn. Wọn ò ní kí n dìde.

"Ó wá sú ẹ láti máa sín mi jẹ?" ni wọ́n bi mí.

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màmá bá dìde, wọ́n la ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di itan mú, wọ́n ti ìdí sẹ́yìn, wọ́n dúró lágbedeméjì. Ara mi gan-an ni mò ń wò. Ẹyìn tí wọ́n ti ń rù bọ̀ láti oko láti ìgbà èwe ti ba orúnkún wọn jẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń kúnlẹ̀ nílé àdúrà nìyẹn. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Èmi tí n kì í bá wọn jọ́sìn nígbà náà, n kò rí i rí.

"Ọmọdé dé iwájú mi, ó ń ṣe mí fún mi wò," ni wọ́n wí.

Mo ní orúnkún ló ń dùn mí, wọn ò gbà. Mo rojọ́ kẹ̀kẹ́, wọn ò gbà. Mo bá jókòó sílẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ ọ̀tún kò, ìwọ̀nba ìró tó kù nínú rẹ̀ sì dún páù. Màmá tẹ́tí. Wọ́n jókòó, wọ́n ká tiwọn náà kò, tiwọn sì dún ju tèmi lọ. Ibẹ̀ ni a ti ń ká a, tí a ń nà án, tí à ń rẹ́rìn-ín, títí àfẹ́sọ́nà mi fi wọlé tó ní ta ló ń pa ẹ̀pà. "Dìde nílẹ̀, ọma mi," ni màmá sọ fún mi, "kí o má tún lọ bà á jẹ́."

Ó ti pẹ́ báyìí tí mo ti wọlé ọkọ, tí mo sì ń bá màmá jọ́sìn. Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ pupa náà, àwọn ọ̀dọ́ Òrè sì ń sọ fún mi pé bí mo bá lè fi irin ńlá padà síwájú, màá máa sáré dáadáa. Mo máa ń ní kò burú, màá rò ó. Màmá kò lè ṣe ìkúnlẹ̀ ààbọ̀ yẹn mọ́. Àga ni wọ́n ń gbé fún wọn nílé àdúrà, ojú sì máa ń tì wọ́n láti wà lórí àga nígbà tí gbogbo ìjọ bá wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ àga náà ni èmi máa ń kúnlẹ̀ sí. Wọn a gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọn a sì sọ fún Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́ pé kí Ó ka ìkúnlẹ̀ yìí fún àwa méjèèjì. Àdúrà màmá a máa gùn. N kì í dìde kí wọ́n tó ṣe àmín.