Ìyẹ́ Tí Eku Jẹ

Títí di òní, n kò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, n kò sì lè sọ pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀.

Nígbà ìjọba ológun, òyìnbó obìnrin kan ní Alákíà ń kọ́ àwa obìnrin ìjọ wa bí a ṣe ń rán aṣọ ìbora olówùú: a ó tẹ́ òwú sáàárín aṣọ méjì, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gán wọn pọ̀ ní àwòrán ìyẹ́ ẹyẹ. Ọmọ mi obìnrin lóyún. Mo fẹ́ kí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán jẹ́ èyí tí wọn yóò fi gbé ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n aṣọ búlúù ni mo rà. Pẹ́ńsù tí a fi ń ya àwòrán náà kí a tó gán an kò hàn lára rẹ̀, báírò kò sì ní í ṣeé fọ̀ kúrò.

Mo bá lọ sí Erúnmu. Aládìrẹ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, tí wọ́n fi ń ya àwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sáró.

"Ìyàwó, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà, wọn ò kọ́ ẹ ní yíya ìyẹ́ adìẹ?"

"Ẹ ṣáà gbà mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n bu ẹ̀kọ láfún sínú agolo fún mi. Mo fi yà á níbẹ̀ lójú wọn, ó funfun báláú. Mo gán díẹ̀, mo ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fà á jáde lọ́sẹ̀ kejì, eku ti jẹ ẹ́. Ibi tí láfún gbà gẹ́lẹ́ ni eku gbà. Gbogbo ìyẹ́ mi di ihò, òwú ń yọjú.

Mo padà lọ bá wọn. Wọ́n ń da nǹkan búlúù kan tó dà bí iyọ̀ sínú ẹ̀kọ tiwọn.

"Kí nìyẹn?"

"Òun ni kì í jẹ́ kí nǹkan jẹ ẹ́."

"Ẹ ò fi sí tèmi!"

"Májèlé ni. Ṣé kí n fi wé ọmọ ni?"

"Ẹ ò sì kìlọ̀ fún mi."

"Ta ló ń tọ́jú láfún sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọjọ́ tó bá gbẹ la ń rẹ tiwa sáró, a ó sì fọ ẹ̀kọ náà kúrò."

Mo ká aṣọ mi, mo padà sílé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àdìrẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Ìyẹ́ ló wà lára rẹ̀, bí mo ṣe yà á gan-an. Gbogbo ènìyàn ń kí wọn. Èmi náà kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ìyẹ́ tìẹ náà ni," ni wọ́n sọ sí mi létí.

Wọ́n ti kú báyìí. Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, àbí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín? Inú ṣì ń bí mi, n kò kàn mọ ohun tí mò ń bínú sí.