Ihò Abẹ́ Òrùlé

Ayàwòrán ilé ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, bóyá ló máa dáhùn. Ìyá Afẹ́fẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun náà ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ fà á o! Kó tó fa ìlà kankan sórí bébà, á kọ́kọ́ so fọ́nrán òwú mọ́ orí igi, á gbé àpótí sáàárín ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, á wá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, á máa wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ọkọ ẹ̀ a máa ní, "Èmi ni mo fẹ́ ẹ, àmọ́ ojú atẹ́gùn lo máa ń wò."

Iṣẹ́ tá à ń sọ yìí, ilé ìtọ́jú aláboyún ni. Ti tẹ́lẹ̀, páànù lásán ni, ó rẹlẹ̀, ó gbóná bí ààrò. Àbúrò ẹ̀ obìnrin dákú síbẹ̀ nígbà tí oyún ẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, orí ló yọ ọ́. Àtọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun máa kọ́ èyí tí ara á ti tu aláboyún. Ó fi amọ̀ mọ ògiri tó nípọn, ó fi fèrèsé sí ìsàlẹ̀ lápá ibi tí igi ńlá kan ṣíji bò, ó sì dá ihò méjìlá sábẹ́ òrùlé, kí ooru lè rí ibi bá jáde. Kò sí fáànù, kò sí ẹ̀rọ kankan.

Alága ìgbìmọ̀ àdúgbò ò gbà á gbọ́ rárá.

"Ìyá Afẹ́fẹ́, mo ti gbọ́ gbogbo àlàyé yín. Ọjọ́ tá a bá ṣí i, màá wá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Tó bá fi lè gbóná, a máa gé igi yẹn, ká ráyè gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, ká sì pe ẹlòmíì wá tún ilé kọ́."

"Ẹ máa bọ̀, sà."

Ẹnu lásán nìyẹn o, ẹ̀rù ń bà á. Nígbà tó sì ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ibà dá a wó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kápẹ́ńtà ló bá a parí èyí tó kù, ọkùnrin kan tó mọṣẹ́, tí kì í fẹ́ rí àbùkù lára ohunkóhun.

Ọjọ́ pé, ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ àìsàn. Ogún aláboyún jókòó, alága jókòó. Ooru! Òógùn bo gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin ń fi káàdì ìtọ́jú oyún wọn fẹ́ ara wọn.

Alága nu ojú. "Ṣé atẹ́gùn yín ò mọ ọ̀nà ibí ni? Ó tó. Ẹ bá mi pe agégẹdú wá o."

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé Ìyá Afẹ́fẹ́ mì. Ó fa òwú jáde nínú báàgì, ó nà án sójú fèrèsé. Òwú ò mira. Ó ní, "Bí kò bá wọlé, á jẹ́ pé kò rọ́nà jáde nìyẹn." Ló bá wòkè. Ihò dà? Kò sí ẹyọ kan!

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ gbàgbé wọn ni, mà. Odidi méjìlá! Mo ní kí ojú má tì yín níwájú àlejò. Mo fi pákó dí gbogbo ẹ̀, mo kùn ún lọ́dà bíi ti ògiri. Mi ò sì sọ fún ẹnì kankan."

Háà! Àṣejù, baba àṣetẹ́!

"Kápẹ́ńtà, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ gòkè lọ, ẹ yọ wọ́n!"

Ó gbé àkàbà. Ó yọ ìkíní, ó yọ ìkejì. Nígbà tó yọ ìkẹta, òwú jí. Nígbà tó fi máa yọ ìkejìlá, káàdì ti ń fò kúrò lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, àwọn aláboyún sì ń pariwo, "Ẹ̀ẹ̀n! Ẹ ṣeun o!"

Ìyá Afẹ́fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ara tù ú dé egungun.

Agégẹdú bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ayùn lọ́wọ́. "Igi wo ni alága ní ká gé?"

Nọ́ọ̀sì fìka bo ẹnu. "Ẹ rọra o, ẹ má jí wọn."

Alága ti gbórí lé ògiri amọ̀, ó lanu sílẹ̀, ó ń hanrun.