Mùíbì, Òpó Iná àti Ṣòkòtò Àwọn Aláṣẹ

Mùíbì ọmọ Ìsẹ́yìn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní káfíńtà. Dírẹ́tọ̀ ni kí wọ́n máa pè é. Ilé-iṣẹ́ tó ń darí kò ju ahéré onípáánù kan lọ ní Bonabéri, àdúgbò èbúté kan nílẹ̀ àjèjì, pẹ̀lú ayùn rìbìtì kan tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo tẹ́lẹ̀.

Ọdún tí ìjọba gé iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì ni. Pákó di góòlù. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ àjàgbé ń gbé ìtì igi kọjá níwájú ahéré Mùíbì lọ sí èbúté, kí wọ́n lè kó o lọ sókè òkun. Ẹni tí wọ́n gé igi nílẹ̀ rẹ̀ kò sì rí pákó fi kan pósí bàbá rẹ̀.

Òpó iná onígi àtijọ́ bí ogójì wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì. Agbaṣẹ́ṣe kan ló hú wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní òun ń bọ̀ wá ri èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe mọ́lẹ̀ dípò wọn. Wọn ò rí i mọ́. Àdúgbò wà nínú òkùnkùn, ewúrẹ́ ń sùn lórí òpó. Mùíbì bá gba ọ̀dọ̀ Alphonse, olórí àdúgbò, lọ.

"Ohun ìní ìjọba ni," Alphonse wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Ó ronú díẹ̀. "Àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá ṣí iná wa lóṣù tó ń bọ̀. Bí o bá kan àga gígùn mẹ́fà fún wọn, ohun ìní ìjọba di tìẹ."

"Iná wo, pàtírọ́n, ọ̀gá mi? Òpó kankan ò sí nínàró."

"Ayẹyẹ ló ń bọ̀. Iná á tẹ̀ lé e." Ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àṣẹ, ó nà án sí Mùíbì.

Mùíbì bẹ̀rẹ̀ sí í la òpó. Lọ́jọ́ kejì, ayùn pàdé bóòtù onírin kan nínú igi, eyín ayùn kan fò kọjá létí rẹ̀, ó gún páánù. Ó ní ọ̀gá kì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Kàbírátù, ìyàwó rẹ̀, ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá Àmírát, igi yìí ń làágùn ọ̀dà. Ọṣẹ ò ran án."

"Ọ̀dà yẹn ni ikán ò fi lè jẹ ẹ́ títí ayé."

"Ikán ò lè jẹ ẹ́. Ṣé èèyàn á lè jókòó lé e?"

"Mo ti ń bá igi ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ́ ọ."

Ó fá pákó náà, ó kùn ún ní funfun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan.

Àwọn aláṣẹ dé lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú kóòtù àti ṣòkòtò funfun. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì nípa ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ń yan àga, àga ń yọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde fún orin orílẹ̀-èdè, àga bá wọn dìde. Èyí tó sanra jù nínú wọn dìde lẹ́ẹ̀mejì kí ṣòkòtò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi Kàbírátù.

Wọn ò wá Mùíbì jìnnà; òun ló kọ orúkọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Alphonse búra pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. "Àlejò ni. Àwọn àlejò ló ń jí òpó wa." Kàbírátù ló tú etí ìró rẹ̀, tó fa ìwé àṣẹ náà yọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo òǹtẹ̀, ó wo Alphonse, ó wo ìdí ṣòkòtò Alphonse tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́.

Wọ́n dá Mùíbì sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ṣùgbọ́n wọ́n gba ayùn rẹ̀ pé ẹ̀rí ni. Alphonse kò kúrò lórí oyè. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan péré ló kọ.

Pákó tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Kàbírátù wá oníbàárà sí i ní àdúgbò Ndogbong, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Mùíbì ní Mùsùlùmí bíi tòun kò lè kan ilé fún ẹlẹ́dẹ̀ láéláé.

"Ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ ṣòkòtò," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Mùíbì gbé pákó lérí, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kí àwọn ará mọ́sáláṣí má bàa rí i.