Òǹtẹ̀ Búlúù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Túmọ̀

Ó fi itọ́ kan àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gbé e lé òǹtẹ̀ búlúù tó wà létí àpòòwé náà, ó rọra ń fi í ra á. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtàǹpàkò di búlúù díẹ̀. Òǹtẹ̀ ò lọ. Róbótó, pẹ̀lú nọ́ńbà eéje nínú rẹ̀.

Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì, tó bá àwọn ológun sọdá òkun.

Ẹsẹ̀ Irin ni wọ́n ń pe bàbá yìí nílé ìfìwéránṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń pín lẹ́tà kiri, òjò ò sì dá a dúró rí. Nígbà ogun yìí, kò sí lẹ́tà òkè òkun tí ìjọba kì í tú wò. Wọn a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ etí rẹ̀ padà, wọn a lu òǹtẹ̀. Ìyẹn ti mọ́ ọn lára. Ti búlúù yìí ló yàtọ̀. Ilé méjì péré ló ti gbé e dé. Ilé télọ̀: kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, igbe ta. Ilé olùkọ́: bákan náà. Lẹ́tà tí ọmọ wọn kọ kẹ́yìn ni, ìwé ikú ọmọ náà sì wà nínú àpòòwé kan náà.

Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló parí ẹ̀ síbẹ̀: àmì ikú ni.

"Àbúrò, kí ni òǹtẹ̀ yìí?" ló bi ẹni tó ń ṣa lẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ̀? Àwọn tó ń lù ú gan-an á ní àṣẹ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà lára ti bàbá tó ń ta irúgbìn lánàá. Àbí irúgbìn náà ti ṣaláìsí ni?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré."

Ó ki lẹ́tà náà sábẹ́ aṣọ inú fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá tú u, ọmọ ò tíì kú.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń retí.

"Bàbá ọmọ mi, lónìí náà, kò sí?"

"Ogun ni. Ojú òkun ò dáa."

"Gbogbo àdúgbò lẹ̀ ń gbé lẹ́tà fún. Ilé wa nìkan lẹ ò mọ̀nà ẹ̀."

Ó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnu lásán.

Oṣù náà parí. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ìyàwó mú fìlà náà kó lè fọ òógùn inú rẹ̀. Bébà dún.

Nígbà tí ọkọ fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó ti tú u. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má kà á!"

"Mo ti kà á."

"Ó ti kú, àbí?"

"Ta ló kú? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́." Ó kà á sókè. "'Ẹ̀yin òbí mi, dókítà kan níbí fẹ́ fi mí ṣaya. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mi ò ní gbà láìgbọ́ tẹnu yín. Bí oṣù yìí bá parí tí ẹ ò fèsì, màá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́.'"

Ọkọ já lẹ́tà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oṣù wo?"

"Èyí tó parí yẹn ni!" Ó ju fìlà sílẹ̀. "Ẹ fi ọmọ mi sínú fìlà! Ẹ fi ọmọ mi sínú fìlà!"

Ẹsẹ̀ Irin sáré. Láìwọ bàtà, títí dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà ránṣẹ́ sókè òkun. *A gbà. Gbà fún un.* Ohun tó ní kí wọ́n tẹ̀ nìyẹn.

Èsì dé. *Mo ti kọ̀ fún un. Ó ti lọ sójú ogun. Ẹ má dààmú.*

Láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ gba lẹ́tà ilé wọn ní kańtà ilé ìfìwéránṣẹ́.