Aṣọ Funfun Mẹ́rin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń lágídí, èmi Àmínátù ni kí ẹ bi. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi, Dáúdà alágbàfọ̀, gbé ní Trans-Amadi. Ìparí ọdún 1968 la padà sí Port Harcourt láti Ògbómọ̀ṣọ́ tá a sá lọ, ogun abẹ́lé ò sì tíì parí. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ràn tó o, kò sì sẹ́ni tó ń bí mi nínú tó o.

Jemilat ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ikọ́ fée. Èéfín iná epo rọ̀bì tó ń jó lẹ́yìn ilé wa kì í jẹ́ kó mí dáadáa. Dagogo apẹja, tá a máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ní yàrá òfìfo kan létí omi ní Abuloma. “Oga Dauda, carry the pikin come,” ló máa ń wí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ló ń dààmú ọmọ, pé tójò bá dé, afẹ́fẹ́ á mọ́. Ó ní gbogbo oníbàárà òun, Trans-Amadi ni wọ́n wà.

Àdíját ìyàwó rẹ̀ ní kó fi aṣọ funfun dán afẹ́fẹ́ ibi méjèèjì wò. Nígbà ọyẹ́, Dáúdà sá aṣọ kan sẹ́yìn ilé wa, ó sá èkejì sílé Dagogo, fún ọjọ́ méje. Ó fi òwú sàmì sí wọn bí aṣọ oníbàárà, ó kó wọn sínú agolo bísíkíìtì. Nígbà òjò, ó sá méjì mìíràn síbi méjèèjì, níbi tómi ò ti lè kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, Àdíját ló lọ ká ìyẹn. Dáúdà ní bí ti ilé wa bá ṣì dúdú ju ti Abuloma lọ nígbà òjò, a ó kó.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, Dagogo wá jókòó. Dáúdà ṣí agolo. Aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, wọ́n tiẹ̀ ti lọ̀ wọ́n. Àdíját ti fọ̀ wọ́n. Ọdún mẹ́wàá nílé alágbàfọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò lè rí aṣọ tó dọ̀tí kó fi í sílẹ̀.

“Ó tán,” ni Dáúdà wí. “A ò kó mọ́.” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ bá a jà.

Àdíját rọra ní, “Bàbá Jemilat, ẹ má bínú. Ti Abuloma méjèèjì, omi lásán ló mú wọn mọ́. Ti ilé wa nígbà ọyẹ́, mo rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Tòjò ńkọ́?”

“Mo rẹ ẹ́ títí, kò mọ́. Mo sè é.”

“O sè é?”

“Mo sè é.”

Ẹ̀gbọ́n mi pa agolo náà dé. Ó wo Jemilat tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, tí àyà rẹ̀ ń súfèé bó ṣe ń mí. “Èyí tó wà láyà ọmọ mi,” ló wí, “ta ni yóò fọ ìyẹn?”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi Dagogo kó wa lọ. Títí ọdún 1970 fi parí, orí ni Dáúdà fi ń ru aṣọ lọ sí Trans-Amadi, tó fi ń rù ú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí í ráhùn tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá dín, mi ò gbọ́ kó ráhùn lórí ìyẹn rí.