Wọ́n Gbàdúrà Lórí Ìtọ̀ Mi

Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní GRA, ní Ìlọrin níbí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, bí èmi náà ṣe jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ ní àdúgbò Fate. Ká ní ẹlòmíì ló ṣe é sí mi, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tó bí i, mo sì wà níbi ìkómọ àkọ́bí rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kí n tó débẹ̀. Èmi ni mò ń bá wọn kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà. Kọ́ńtíráàtì ni wọ́n gbà mí, bíi ti àwọn awakọ̀ àti àwọn agbálẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n lè ní ká má wá mọ́ nígbàkúgbà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní sítáàfù ló ń jókòó sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Awakọ̀ kan lo oògùn olóró yó, ó wa ọkọ̀ ẹrù sínú gọ́tà. Látìgbà náà, wọ́n ní ká máa tọ̀ sínú ike kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn kò burú. Ta ló fẹ́ kí ẹni tó ti yó wa ọkọ̀? Ohun tó burú ni pé àwa kọ́ńtíráàtì nìkan ló kàn, àti pé ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí nọ́ọ̀sì lè máa wò wá. Èmi ìyá àgbà yìí lóṣòó níwájú ọmọdé kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó bi mí nípa oògùn tí mò ń lò. Mo ní dókítà mi ló fún mi, èmi àti òun nìkan la sì mọ ohun tó wà fún.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí náà, n kò ní sọ fún ọ.

A kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láìgbàdúrà. Bí Mùsùlùmí bá ṣe tòní, Kristẹni á ṣe tọ̀la, gbogbo wa á sì jọ ṣe àmín. Bí Ìlọrin ṣe rí nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kan ọ̀gá yìí. Ó gbàdúrà fún àwọn ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà, ó gbàdúrà fún ìjọba, ó wá gbé ohùn sókè:

“Baba, a fi Màmá wa tó ń kọ lẹ́tà lé ọ lọ́wọ́. Oògùn fara hàn nínú ìtọ̀ wọn. Ohunkóhun tó so wọ́n mọ́ oògùn, Baba, já a!”

Mo lajú. Àwọn kan ti lajú ṣáájú mi, èmi ni wọ́n sì ń wò.

Alhaja tó jẹ́ olórí àwọn agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìdílé Fúlàní ni wọ́n ti bí i, ní agbo ilé kan nítòsí Ọjà Tuntun. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ mì.

“Wàláhì, n ò ṣe àmín sí èyí o.”

“Alhaja, àdúrà ni mò ń gbà.”

“Àdúrà kẹ̀? Ọlọ́run lẹ dárúkọ, àwa lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ò lè pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ ni?”

Ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín lọ́jọ́ náà. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ń kọjá níta, awakọ̀ kan ké sí mi: “Màmá, ẹ bu díẹ̀ fún wa nínú nǹkan yẹn o, ọ̀nà Jẹ́bà jìn!” Alhaja ju aṣọ ìnulẹ̀ tútù lù ú lójú.

Ọ̀gá pè mí sókè. Ó ní kí n mú lẹ́tà dókítà wá, èyí tó dárúkọ àìsàn mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má wá síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Dókítà á kọ ọ́ pé mo lè ṣiṣẹ́,” ni mo wí. “Kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Màmá, kí lẹ̀ ń fi pamọ́? Ọmọ yín mà ni mí.”

“Àwọn ọmọ tí mo fi inú mi bí kò mọ̀ ọ́n.”

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Òun ló ń gbé mi jáde nílé látìgbà tí ọkọ mi ti kú. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi, wọ́n ní ọmọ wa ni, kí n mú lẹ́tà náà wá kí àlàáfíà lè wà. Àlàáfíà ta ni? N kò tíì dárí jì wọ́n. Mo kọ ọ́ síbí kí wọ́n lè kà á.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọjọ́ àyẹ̀wò tún pé. Alhaja dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó ní òun kò wọlé àfi tí wọ́n bá máa jẹ́ kí òun ti ilẹ̀kùn, kí àwọn sítáàfù náà sì wá tọ̀. Àwọn awakọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, títí kan ẹni tí Alhaja ju aṣọ tútù lù. Òfin sì ni pé awakọ̀ tí wọn kò bá yẹ̀ wò kò gbọ́dọ̀ jáde. Ni gbogbo ọkọ̀ bá dúró gbagidi nínú ọgbà.

Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ náà gbọ́, wọ́n sáré dé.

“Kí ló dé tí ọkọ̀ ò lọ?”

“Bàbá, wọ́n ní ká máa tọ̀ lójú ayé,” Alhaja dáhùn.

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí ọ̀gá: “Ìwọ ńkọ́? Ta ló wo tìẹ?”

Mo wá sọ tèmi. Mo ní n kò kọ àyẹ̀wò. Bí oògùn mi bá lè ba iṣẹ́ jẹ́, kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè bà á jẹ́, kò kan ẹnikẹ́ni. Bàbá ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Wọ́n ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi, kí wọ́n máa yẹ gbogbo ènìyàn wò láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, kí dókítà máa sọ kìkì ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ àti ẹni tí kò yẹ.

Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ aláwàdà wọ̀nyẹn. Mo dúpẹ́ jù lọ lọ́wọ́ Alhaja, tí a jọ ń jẹun ọ̀sán títí dòní, tí kò bi mí rí pé kí ni mò ń lò. Ẹlẹ́sìn tèmi ló tú àṣírí mi nínú àdúrà; ẹlẹ́sìn kejì ló bò mí. Bí mo bá rántí rẹ̀, omi máa ń lé sójú mi.

Nígbà tó kan ọ̀gá náà láti tọ̀, mo rí i tó ń fi áńkáṣíìfù bo ike rẹ̀ jáde. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Fún ìgbà pípẹ́, òkèèrè ló ti ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi kan, ó tẹ̀ lé mi délé. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní:

“Màmá, n kò mọ ohun tí oògùn yẹn wà fún, n kò sì ní bi yín mọ́ láé.”